Àmánà Ọmọ Òrukàn àti Pásíwọ́ọ̀dù Wa

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn tó ń san sàká sọ níbi ìpàdé olóṣù mẹ́ta, lẹ́yìn ìrun Àsárì



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó mọ ohun tó pamọ́, tó sì mọ ohun tó hàn. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, ẹni tí àwọn ará Mẹ́kà ń pè ní Al-Amín, Olùfọkàntán, kí iṣẹ́ Ànábì tó dé bá a rárá. Kí ìkẹ́ náà máa bá àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, Ìmáàmù wa, alága wa, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ lọ́kùnrin lóbìnrin, àti ẹ̀yin tí ẹ ń fi sàká àti sàráà yín rán wa níṣẹ́, a kí yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ sì kú ìnáwó ọmọ òrukàn. Ọlọ́hun kò ní jẹ́ kí tiwa di òrukàn lójijì.

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kò jọ wáàsí. Nígbà tí a kọ ọ́ sínú ètò ìpàdé pé a fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí pásíwọ́ọ̀dù, bàbá kan láàárín wa rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Akọ̀wé, ṣé ẹ ti kúrò nídìí kéwú, ẹ ti di oníkọ̀ǹpútà?" A dá wọn lóhùn pé, bàbá, ìdí kéwú náà la ṣì wà. Ọ̀rọ̀ àmánà ni. Lóde òní, pásíwọ́ọ̀dù ni kọ́kọ́rọ́ àpótí tí owó ọmọ òrukàn wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá sì ṣe òfin bí kọ́kọ́rọ́ náà ṣe máa rí, òun náà ti gba àmánà sọ́rùn.

OHUN TÓ WÀ LẸ́YÌN ILẸ̀KÙN

Ẹ óò rántí pé nígbà tí ẹgbẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀, inú ìwé ńlá kan ni a ń kọ gbogbo nǹkan sí. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ló ń gbé, àgádágodo wà lẹ́nu rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì jẹ́ méjì péré: ọ̀kan wà lọ́wọ́ alága, ọ̀kan wà lọ́wọ́ akápò. Ẹni tó bá fẹ́ wo ìwé náà ní láti wá sí ọ́fíìsì, kí ó jókòó lójú wa.

Lónìí, ìwé náà ti di ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọbìnrin ọ̀kan nínú wa, tó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ló bá wa ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ọlọ́hun yóò san án lẹ́san rere. Àǹfààní rẹ̀ pọ̀. Akápò lè wo àkọsílẹ̀ láti ilé wọn, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù náà lè rí ibi tí sàká wọn dé. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tó ṣí sí ilé akápò, gbogbo ayé ló ṣí sí. Ẹni tó wà ní ìlú tí a kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí lè dúró síwájú rẹ̀ lóru, kí ó máa dán kọ́kọ́rọ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ajá kankan má sì gbó o.

Kí ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà? Orúkọ ọmọ òrukàn kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ orí rẹ̀, àwòrán rẹ̀, ilé-ìwé rẹ̀ àti ilé tó ń gbé. Orúkọ opó àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Nọ́ńbà akáǹtì tí a ń sanwó sí. Orúkọ ẹni tó san sàká àti iye tó san. Ó tún kù: orúkọ àwọn kan tí ẹ máa ń bá pàdé lọ́nà, tí aṣọ wọn mọ́, tí ẹ kò mọ̀ pé ebi ń pa wọ́n. Súrátúl-Bàkárà, ẹsẹ 273, sọ̀rọ̀ nípa irú wọn, àwọn tí ojú kì í jẹ́ kí wọ́n tọrọ, tí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n fi ń pè wọ́n ní olówó. Bí a bá fún wọn ní owó, tí a wá jẹ́ kí àṣírí wọn tú, kí la ṣe fún wọn? Owó á tán, ìtìjú á kù.

Gbogbo wa la mọ ìkìlọ̀ tó wà nínú Súrátún-Nísáì, ẹsẹ 10, fún ẹni tó bá ń jẹ owó ọmọ òrukàn. A máa ń rò pé olè nìkan ni ìkìlọ̀ náà ń bá wí. Ẹni tí wọ́n fún ní ilẹ̀kùn ṣọ́, tó fi í sílẹ̀ gbàyawu, ó yẹ kí ẹ̀rù ba òun náà.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ WA NÍ RÁMÁDÁÀNÌ

A kò ní fi bò fún yín, nítorí owó yín ni. Ní Rámádáànì ọdún 1446, èyí tó bọ́ sí oṣù kẹta ọdún 2025, nígbà tí ààwẹ̀ pé mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, opó kan wá bá wa ní ọ́fíìsì. Kò jókòó. Ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ààfáà, ẹ má bínú o. Ṣé wọ́n ti yọ orúkọ àwọn ọmọ mi kúrò ni? Bí a bá ṣẹ ẹgbẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wa, ká wá tọrọ àforíjì."

A ní, "Rárá o, Ìyá àwọn ọmọ. Ẹ dìde. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni a ti san owó yín." A ṣí ètò náà kí a lè fi hàn án. Òótọ́ ni pé a ti sanwó: ₦90,000 fún ọmọ mẹ́ta, owó oúnjẹ ààwẹ̀ àti aṣọ ọdún, ₦30,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà akáǹtì tó wà níbẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ẹnì kan ti yí i padà ní nǹkan bí aago méjì òru, ọjọ́ mẹ́rin kí a tó sanwó. Orúkọ tí ó fi wọlé sì jẹ́ orúkọ ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa tó wà nínú ìgbìmọ̀, ẹni tí gbogbo yín lè fi ọmọ yín lé lọ́wọ́.

A pe bàbá. Wọn kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Oorun ni wọ́n ń sùn lóru ọjọ́ náà. Nígbà tí a wádìí, ohun tí a rí nìyí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ.

Àwa akọ̀wé ló ṣe òfin pásíwọ́ọ̀dù ẹgbẹ́. A ní kò gbọdọ̀ dín ní háráfì 8. Nígbà tí a bá ń sọ háráfì níbí, lẹ́tà, nọ́ńbà, àmì àti àlàfo ni gbogbo rẹ̀. A ní lẹ́tà ńlá kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, àti nọ́ńbà, àti àmì kan. A tún ní kí oníkálukú máa pààrọ̀ tirẹ̀ ní oṣooṣù. Inú wa dùn sí òfin yìí. A rò pé ó le, nítorí náà ó lágbára.

Bàbá tẹ̀ lé òfin náà láìyẹsẹ̀. Ní oṣù Rájábù, wọ́n kọ Rajab1446!. Ní Ṣàábáànì, wọ́n kọ Shaban1446!. Lẹ́tà ńlá wà níbẹ̀, nọ́ńbà wà, àmì wà, ó ju 8 lọ, wọ́n sì ń pààrọ̀ rẹ̀ lóṣooṣù. Ètò wa gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Nítorí pé wọn kò fẹ́ gbàgbé, wọ́n kọ ti Rájábù sórí bébà, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ kàlẹ́ńdà ní ọ́fíìsì. Nígbà tí oṣù parí, wọ́n ya á dànù, ọkàn wọn sì balẹ̀ pé èyí tí àwọn ènìyàn ti rí kò wúlò mọ́. Ẹ̀yin ará, ta ni yóò rí Rájábù tí kò ní mọ Rámádáànì?

A fi ẹjọ́ sun bánkì àti ọlọ́pàá. Wọ́n ti kó owó náà lọ kí a tó dé ibẹ̀. A kò fọwọ́ kan sàká yín láti dí ihò náà. Àwa tí a wà nínú ìgbìmọ̀ dáwó láti inú àpò ara wa, owó ìyá náà sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ kí ọdún tó kò. Àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ aṣọ tuntun lọ sí Yídì. Ṣùgbọ́n bí ìyá yẹn ṣe kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, tó ń tọrọ àforíjì ẹ̀ṣẹ̀ tí àwa ṣẹ̀ ẹ́, kò tíì kúrò lójú wa.

Bàbá fẹ́ kọ̀wé fi ipò sílẹ̀. Ọmọbìnrin tó ṣe ètò náà ló kúnlẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀, tó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀yin bàbá mi. Bàbá kò rú òfin kankan. Òfin tí a ṣe ló kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n ṣe." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wá, nítorí òótọ́ ni.

ÒFIN TÓ LE LÈ MÁ LÁGBÁRA

A lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀. A rí i pé àṣìṣe náà kì í ṣe tiwa nìkan. Ní Amẹ́ríkà, àjọ ìjọba kan wà tó ń rí sí òṣùwọ̀n àti ìlànà, NIST ni wọ́n ń pè é. Ní 2003, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, Bill Burr, kọ ìlànà kan lórí pásíwọ́ọ̀dù. Láti ibẹ̀ ni lẹ́tà ńlá, nọ́ńbà, àmì àti pípààrọ̀ lóòrèkóòrè ti tàn dé bánkì, ilé ìwòsàn àti ọ́fíìsì káàkiri ayé. Ní 2017, àjọ náà yí ìlànà yìí padà. Ní ọdún yẹn kan náà, Burr fúnra rẹ̀ sọ fún ìwé ìròyìn The Wall Street Journal pé òun kábàámọ̀ púpọ̀ nínú ohun tí òun kọ. Àgbà tó bá jẹ́wọ́ àṣìṣe rẹ̀ lójú ayé kò ṣe é fojú rénà.

Ní 2025, àjọ náà gbé ẹ̀dà kẹrin ìlànà wọn jáde. Ohun tó wí fún ẹni tó ń ṣe òfin pásíwọ́ọ̀dù kò ju mélòó kan lọ. Kí ó má ṣe fi dandan mú ènìyàn da lẹ́tà, nọ́ńbà àti àmì pọ̀. Kí ó má ṣe ní kí wọ́n máa pààrọ̀ nítorí pé oṣù yí, àfi bí àmì bá wà pé ó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí ó bá jẹ́ pé pásíwọ́ọ̀dù nìkan ni wọ́n fi ń wọlé, kí ó má dín ní háráfì 15. Bí ohun kejì bá wà tí wọ́n fi ń jẹ́rìí sí i, ó lè jẹ́ 8. Kí ó gba ẹni tó fẹ́ kọ gígùn láyè, ó kéré tán títí dé 64. Kí ó sì yẹ ohun tí ènìyàn kọ wò, bóyá ó wà lára àwọn tí olè ti mọ̀.

Kí nìdí? Ìdí ni pé ọmọ ènìyàn jọ ara wọn. Bí wọ́n bá ní kí a fi lẹ́tà ńlá sí i, iwájú la máa fi í sí. Bí wọ́n bá ní nọ́ńbà, ẹ̀yìn la máa kó o sí, ọdún ni yóò sì jẹ́. Bí wọ́n bá ní àmì, àmì ìyanu ni, yóò sì wà ní ìparí. Olè mọ èyí ju àwa lọ. Ní oṣù kejìlá ọdún 2009, wọ́n jí pásíwọ́ọ̀dù tó ju mílíọ̀nù 32 lọ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ RockYou, tó kó gbogbo rẹ̀ pamọ́ ní gbangba láìbò ó. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni 123456. Láti ìgbà náà, irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ni olè fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kì í bẹ̀rẹ̀ láti A lọ dé Z. Ohun tí àwọn ènìyàn ti kọ rí ló máa ń kọ́kọ́ dán wò.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣírò díẹ̀. Bí ènìyàn bá ṣa lẹ́tà kékeré 8 bí ẹni ṣẹ́ kèké, láti inú lẹ́tà 26 ti Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà tó lè gbà jáde ju bílíọ̀nù 208 lọ. Bí a bá fi lẹ́tà ńlá, nọ́ńbà àti àmì kún un, tí ohun tí a lè tẹ̀ wá di 95, iṣẹ́ olè á di ìlọ́po ẹgbẹ̀rún 31 ó lé díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi àmì sílẹ̀, tí a kàn fi lẹ́tà kékeré 7 kún 8 kí ó di 15, iṣẹ́ olè á di ìlọ́po bílíọ̀nù 8. Ẹ rí i pé gígùn ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ohun tí a ṣà bí ẹni ṣẹ́ kèké ni ìṣírò yìí wà fún. Orúkọ oṣù kì í ṣe kèké, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ìyàwó tàbí ti ọmọ kì í ṣe kèké.

ÀWỌN ONÍBODÈ TÍ A FI SẸ́NU Ọ̀NÀ

Irinṣẹ́ tí ọmọbìnrin wa fi kọ́ ètò náà ń jẹ́ Django. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ti wà láti 2005. Láti ìgbà tí ẹ̀dà 1.9 rẹ̀ ti jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2015, ibì kan wà nínú fáìlì tí wọ́n ti ń tò ó, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ AUTH_PASSWORD_VALIDATORS. Níbẹ̀ ni a ti ń yan àwọn oníbodè. Bí ẹnikẹ́ni bá mú pásíwọ́ọ̀dù tuntun wá, yóò kọjá lọ́dọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn lára wọn á dá a padà, á sì sọ ìdí rẹ̀. Mẹ́rin ló ti wà níbẹ̀ láti ilé.

Oníbodè kìíní ń wò ó bóyá pásíwọ́ọ̀dù náà jọ orúkọ ẹni náà, orúkọ tó fi ń wọlé, tàbí ímeèlì rẹ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ nìkan ló mọ̀. Kò mọ orúkọ ọmọ yín, kò mọ orúkọ àdúgbò yín.

Oníbodè kejì ń wọn gígùn. 8 ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un. A ti sọ ọ́ di 15, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni a yí padà nínú fáìlì.

Oníbodè kẹta ní ìwé kan lọ́wọ́, tí pásíwọ́ọ̀dù 20,000 tí gbogbo ayé ń lò jù wà nínú rẹ̀. Ohun tó bá wà nínú ìwé náà kò ní wọlé.

Oníbodè kẹrin ń kọ ohun tó jẹ́ nọ́ńbà lásán, bíi nọ́ńbà fóònù tàbí ọjọ́ ìbí.

Ẹ ó ṣàkíyèsí pé kò sí èyí tó ń béèrè lẹ́tà ńlá tàbí àmì nínú wọn. Àwa la fi ọwọ́ ara wa kọ ìyẹn kún un tẹ́lẹ̀. A ti yọ ọ́ kúrò.

Àwọn mẹ́rin yìí kò mọ ìlú wa. Bàbá ì bá ti kọjá lọ́dọ̀ àwọn náà pẹ̀lú orúkọ oṣù, bí wọ́n bá sá ti mú un gùn tó. Nítorí náà a fi oníbodè karùn-ún kún wọn, tí ọmọbìnrin wa kọ fún wa. A fún un ní ìwé tiwa: orúkọ ẹgbẹ́ yìí, orúkọ ìlú wa àti àwọn àdúgbò rẹ̀, orúkọ oṣù méjèèjìlá ti Lárúbáwá, orúkọ àwọn Súrà, àti àwọn ọ̀rọ̀ tó máa ń wà lẹ́nu wa bíi Bísímílláì àti Àlhámdúlíláì. Ó ń yọ àwọn ọ̀rọ̀ yìí kúrò lára ohun tí ènìyàn kọ ná, kó tó ka èyí tó kù. Bí èyí tó kù bá dín ní 15, ó dá a padà. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé orúkọ Ọlọ́hun ni a lé sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ohun tí gbogbo Mùsùlùmí ń wí ní ojoojúmọ́ kò lè jẹ́ àṣírí ẹnì kan ni.

Oníbodè kẹfà ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ ohun tí olè ti jí. Ọkùnrin ará Australia kan, Troy Hunt, ló dá ibì kan sílẹ̀ ní 2013 tó ń jẹ́ Have I Been Pwned. Ní 2017, ó bẹ̀rẹ̀ àkójọ pásíwọ́ọ̀dù tó ti bọ́ sọ́wọ́ olè, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù ló sì wà nínú rẹ̀. Ẹ lè béèrè pé, ṣé a ó wá máa fi pásíwọ́ọ̀dù wa ránṣẹ́ sí àlejò? Rárá o. Ètò wa á kọ́kọ́ lọ̀ ọ́ bí ẹni lọ ata. Háráfì márùn-ún àkọ́kọ́ lára ohun tó lọ̀ nìkan ló ń fi ránṣẹ́. Àwọn á dá gbogbo èyí tó bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ padà, ètò wa á sì fúnra rẹ̀ wò ó nílé bóyá tiwa wà nínú wọn.

OHUN TÍ ONÍBODÈ KÒ LÈ ṢE

Ohun mẹ́ta ni ọmọbìnrin wa kọ́ wa níbí, tí a kò bá máa rò ó láéláé.

Èkíní, ohun tuntun nìkan ni oníbodè ń yẹ̀ wò. Ẹni tó ti wà nínú ilé kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà, wọn kì í bá a wí. Ètò náà kì í sì í tọ́jú pásíwọ́ọ̀dù yín bí ẹ ṣe kọ ọ́. Èyí tí ó ti lọ̀ ló ń tọ́jú, ata tí a bá sì ti lọ̀ kò ṣe é tò padà sí odindi. Fún ìdí èyí, ètò náà fúnra rẹ̀ kò mọ ẹni tí tirẹ̀ kúrú. Ohun tó mú kí a ti gbogbo yín síta lọ́jọ́ kan náà nìyẹn, tí a ní kí oníkálukú kọ tuntun. Àwọn kan bínú sí wa lọ́jọ́ náà. Ẹ forí jì wá, kò sí ọ̀nà mìíràn.

Èkejì, ẹnu ọ̀nà nìkan làwọn oníbodè jókòó sí. Bí ẹni tó ń tọ́jú ètò bá fi iṣẹ́ tirẹ̀ dá akáǹtì sílẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, kò ní pàdé wọn. A ti fòfin de ìyẹn. Ẹni tuntun á gba ìwé ìpè, á fúnra rẹ̀ kọ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀kẹta, Django fúnra rẹ̀ kì í ka iye ìgbà tí ènìyàn ti kọ ọ́ tí kò bọ́ sí i. Ó lè dúró kí olè dán an wò títí ilẹ̀ á fi mọ́. A ti fi ohun mìíràn kún un tó ń ti ilẹ̀kùn fún ìgbà díẹ̀ bí ènìyàn bá ṣe àṣìṣe ní ìgbà márùn-ún.

Àwa tí a wà nínú ìgbìmọ̀ tí a lè yí owó padà tún ní ohun kejì: kóòdù orí fóònù tó ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá 30 síra. Bí olè bá mọ pásíwọ́ọ̀dù wa, kò ní fóònù wa lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó lè yí nọ́ńbà akáǹtì opó padà mọ́. Ẹni méjì ni yóò fọwọ́ sí i, a ó sì pe ìyá náà lórí fóònù, kí a gbọ́ ohùn rẹ̀, kí a tó san kọ́bọ̀.

ÌBÉÈRÈ ÀLHÁJÀ KAN

Nígbà tí a ṣàlàyé èyí fún ìgbìmọ̀, Àlhájà kan béèrè pé, "Olè wọlé, ẹ wá ń mú òfin rọrùn. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn?" Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn wa ni pé a mú un rọrùn fún ẹni tó ni ilé, a mú un le fún olè. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó ni ilé ló ń ru ẹrù, olè ló ń jèrè rẹ̀. Bí òfin bá wúwo ju ohun tí orí lè gbé, bébà ni àwọn ènìyàn máa gbé e fún, kàlẹ́ńdà á sì di ilé àṣírí.

Ọkùnrin kan béèrè lọ́wọ́ Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) bóyá kí òun so ràkúnmí òun ni, àbí kí òun fi í sílẹ̀, kí òun gbára lé Ọlọ́hun. Ẹ mọ èsì tó gbà, pé méjèèjì ni kó ṣe. Ṣùgbọ́n okùn tí a fi so ràkúnmí gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí darandaran mọ̀ ọ́n ta.

OHUN TÍ A FẸ́ LỌ́WỌ́ YÍN

Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ní akáǹtì nínú ètò yìí, nǹkan márùn-ún ni a bẹ̀ yín fún.

1. Ẹ fi ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí kò bá ara wọn tan ṣe pásíwọ́ọ̀dù yín. Ẹ ṣí ìwé, ẹ di ojú, ẹ fi ìka lé e. Bí àpẹẹrẹ: agbon ewuro keke ojo pepeye. Háráfì 27 ni ìyẹn, ọmọ kékeré lè há a sórí. Ẹ má ṣe lo èyí tí a sọ yìí o, gbogbo ènìyàn ti gbọ́ ọ. Ẹ má sì fi àmì ohùn sí i, nítorí fóònù kan lè kọ lẹ́tà alámì ní ọ̀nà tó yàtọ̀ sí ti òmíràn, kí ilẹ̀kùn má baà kọ̀ fún yín.

2. Ẹ má ṣe lo pásíwọ́ọ̀dù ẹgbẹ́ fún Facebook tàbí ímeèlì yín. Bí wọ́n bá jí i níbẹ̀, ibí ni wọ́n máa gbé e wá.

3. Ẹni tí kò bá lè há a sórí, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé, kí ó tì í mọ́ inú àpótí nílé. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ara ògiri ọ́fíìsì ni a kọ̀.

4. Kò sí pípààrọ̀ oṣooṣù mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá rí tiyín, bí fóònù yín bá sọnù, tàbí bí ẹ bá fura, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì sọ fún wa. Ẹni tó bá sọ kò ní gba ìbáwí.

5. Ẹ má ṣe yá ẹnikẹ́ni ní tiyín, ì báà ṣe ọmọ tàbí akọ̀wé. Bí a bá pè yín lórí fóònù pé kí ẹ sọ ọ́ fún wa, àwa kọ́ o.

Òfin ìjọba náà tún wà níbẹ̀. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 ni Nàìjíríà ti ní òfin tó ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ ara ẹni. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ sí àkọsílẹ̀ àwọn ènìyàn, tó sì lè pa wọ́n lára, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi tó àjọ tó ń rí sí i létí láàárín wákàtí 72. Lẹ́yìn tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀ ni àwa tó gbọ́ nípa òfin yìí. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mìíràn tí ìwé yìí bá tẹ̀ lọ́wọ́, ẹ má dúró dìgbà náà.

Bàbá ṣì wà nínú ìgbìmọ̀. Àwọn ló kọ́kọ́ kọ pásíwọ́ọ̀dù tuntun lọ́jọ́ tí a yí òfin padà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ márùn-ún ni, wọ́n sì ní àwọn kò ní sọ ọ́ fún ìyálé ilé pàápàá. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìyá àwọn ọmọ náà ṣì ń gba owó rẹ̀, a sì ń pè é lórí fóònù kí a tó fi ohunkóhun ráńṣẹ́.

Ọlọ́hun má jẹ́ kí ọwọ́ wa di ọ̀nà tí ìyà fi máa jẹ ọmọ òrukàn. Ọlọ́hun gba sàká àti sàráà yín, kí Ó fi òjìji bò yín lọ́jọ́ tí kò sí òjìji mìíràn. Kí Ó bo àṣírí wa láyé, kí Ó bò ó lọ́run. Kí Ó fọ̀run kẹ́ àwọn bàbá tó fi àwọn ọmọ wọ̀nyí sílẹ̀ lọ, kí Ó sì jẹ́ kí wọ́n bá wa láìjẹ̀bi àmánà tí wọ́n fi lé wa lọ́wọ́. Àmín, yá Rábí.